Ẹ̀YÌN NI AGBÁRA LÓDÀ WÀ: Bí a ṣe lè jàǹfààní katakata kékeré tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí katakata kékeré, ìyẹn irú èyí tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 20 sí 40, tó sì ní apá irin méjì àti garawa irin fífẹ̀ kan níwájú. Garawa irin yìí ni àwọn dírẹ́bà ń pè ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun àti apá rẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní lódà. Ìbátan páyílódà ńlá tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń ṣe títì ni, ṣùgbọ́n ọmọdé ló jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí a di ẹrù àgbà ru ọmọdé.

Ojú ohun ìtúlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo katakata. Kò yani lẹ́nu. Láti nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ Fáàmù Sẹ́tímẹ́ńtì, irú èyí tó wà ní Ẹ̀sà-Òkè, iṣẹ́ ìtúlẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìtúlẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún. Lẹ́yìn náà, katakata ẹgbẹ́ á dúró sábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ á máa yé sórí àga rẹ̀. Lódà ló lè mú un ṣiṣẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá. Ó ń kó ìgbẹ́ adìẹ, ó ń yí òkìtì ajílẹ̀, ó ń kó èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò níbi tí a ti ń ṣe gàrí, ó ń da yanrìn àti òkúta sí ojú ọ̀nà oko tí òjò ti wọ́, ó sì ń kó ẹrẹ̀ inú adágún ẹja tí a ti fa omi rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tí àwọn lébìrà yóò fi ṣọ́bìrì ṣe fún odidi ọjọ́ kan, lódà lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Lódà yìí kan náà lè pa dírẹ́bà, ó sì lè sọ owó tí ẹgbẹ́ fi ọdún mélòó kan dá jọ di irin pàǹtí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ kò bá mú ohun mìíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí lọ: iwájú ni ẹrù lódà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni agbára rẹ̀ wà.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀YÌN FI Ń FÚYẸ́

Ẹ wo ọlọ́kadà tó di àpò ẹ̀gẹ́ méjì sẹ́yìn, tó wá ń gun òkè. Táyà iwájú á máa fò sókè, kò ní gbọ́ ti ọwọ́ mọ́, nítorí pé ẹrù ti kọjá sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Lódà ni òdì-kejì rẹ̀. Ẹrù tirẹ̀ wà níwájú táyà iwájú. Táyà iwájú wá dà bí òkúta tí àwọn ọmọdé gbé pákó lé lórí, tí ọ̀kan jókòó sí ìkángun ti ìhín, tí èkejì jókòó sí ti ọ̀hún. Bí ìkángun kan ti ń lọ sílẹ̀ ni èkejì ń gòkè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ká ní ẹrù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ kílò 300, tí àárín ẹrù náà sì fi ẹsẹ̀ bàtà 4 wà níwájú táyà iwájú. Ẹ sọ 300 di ìlọ́po 4, ẹ pín in sí ọ̀nà 5, yóò jẹ́ 240. Ìyẹn ni pé ẹrù yìí ti gbé kílò 240 kúrò lórí táyà ẹ̀yìn. Kílò 240 náà kò pòórá o, orí táyà iwájú ló lọ. Nítorí náà, táyà iwájú ń ru kílò 300 ti ẹrù fúnra rẹ̀, ó tún ń ru kílò 240 tó ti ẹ̀yìn wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 540. Dírẹ́bà rò pé kílò 300 ni òun gbé, ṣùgbọ́n kílò 540 ló dì ru táyà kékeré méjì àti irin tó so wọ́n pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ẹrù kílò 250 kọ́ ẹ̀yìn katakata, kí àárín rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ dé táyà iwájú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ sọ 250 di ìlọ́po 8, ẹ pín in sí ọ̀nà 5, yóò jẹ́ 400. Táyà ẹ̀yìn tó ti pàdánù 240 wá jèrè 400, ó sì fi kílò 160 wúwo ju ìgbà tí katakata dúró lásán lọ. Ti iwájú ńkọ́? Ẹrù ẹ̀yìn ti gbé kílò 150 kúrò lórí rẹ̀, kílò 540 ti di 390. Ẹrù kan ṣoṣo tí a kọ́ sẹ́yìn ti mú ẹ̀yìn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ti tu iwájú lára.

Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, táyà ẹ̀yìn ló ń ti katakata lọ jù. Bí ó bá fúyẹ́, yóò máa yí lójú kan nínú ẹrẹ̀, dísù á sì máa jó dànù. Èkejì, lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń mú. Táyà tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa, bíréèkì rẹ̀ kò lè dá ohunkóhun dúró. Ẹ̀kẹta, irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ máa ń mì sókè sódò lórí ìdè kan ṣoṣo láàárín, kí katakata lè gba orí ebè kọjá. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni katakata dúró lé: táyà ẹ̀yìn méjì àti ìdè àárín iwájú. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá yọ méjì kúrò nínú ààrò mẹ́ta, ọbẹ̀ á dà nù. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ti fúyẹ́, kòtò kékeré kan lábẹ́ táyà kan tó láti da katakata dé sí ẹ̀gbẹ́.

BÍ A ṢE LÈ ṢE ẸRÙ Ẹ̀YÌN

Ẹrù ẹ̀yìn kò ní kí a ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù epo tó gba lítà 200, kí wẹ́dà gé e sí méjì. Ìlàjì rẹ̀ gba lítà 100. Kọnkéré tó gún dáadáa máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2.4 ní lítà kan, nítorí náà ìlàjì dúrọ́ọ̀mù tó kún fún kọnkéré yóò tó nǹkan bíi kílò 240. Kí a tó da kọnkéré sí i, kí wẹ́dà ti gba irin líle kan la ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, níbi tí ọwọ́ irin méjì ìsàlẹ̀ ti ẹ̀yìn katakata yóò dì mú, kí ó sì jó irin kan dúró lókè fún ọwọ́ irin kẹta. Ẹ fi irin tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé há inú rẹ̀ kí ó má ba à sán. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa wọ́n omi sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tó lò ó.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wo inú ìwé tó bá katakata yín wá, kí ẹ mọ ìwọ̀n tí ọwọ́ ẹ̀yìn lè gbé àti ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe lódà náà ní kí a kọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ìwé yẹn bá sọ ló borí ohun tí èmi ń sọ yìí. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ẹrù ẹ̀yìn náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀ péré, kó má ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi omi sínú táyà ẹ̀yìn, kí omi náà gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyè inú rẹ̀. Fọkanáísà tó mọ iṣẹ́ katakata lè ṣe é. Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n ní láti po nǹkan mọ́ omi náà kó má ba à dì. Ilẹ̀ tiwa kò ní ìyẹn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí: omi inú táyà ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò sì gbé ohunkóhun kúrò lórí iwájú bí ẹrù ẹ̀yìn ti ń ṣe. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì ló ṣe é kúnná.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ rẹ̀ gidigidi. Ẹ má ṣe sọ fún ọ̀dọ́ kankan pé, "Ìwọ gun ẹ̀yìn yẹn kí o bá wa tẹ̀ ẹ́." Ènìyàn kì í ṣe òkúta ìdẹrù. Ẹni tó bá já bọ́ lẹ́yìn katakata, abẹ́ táyà ló ń lọ.

Ẹ MỌ ÌWỌ̀N OHUN TÍ Ẹ Ń GBÉ

Ara lódà ni a ti máa ń rí ìwọ̀n tí ó lè gbé, tàbí nínú ìwé rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ìwọ̀n méjì ni àwọn tó ṣe é sábà máa ń kọ. Ọ̀kan jẹ́ ti ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti so mọ́ apá, èkejì jẹ́ ti ibi tó jìnnà sí i síwájú, ní àárín ibi tí ẹrù wà gan-an. Èkejì yìí kéré ju èkíní lọ, òun sì ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì katakata kékeré lè gba nǹkan bíi lítà 200, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù epo kan. Ẹ wo bí ohun kan náà tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ṣe yàtọ̀ síra:

Ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ tó ní ìyẹ̀fun pákó nínú: nǹkan bíi kílò 100.
Ìgbẹ́ adìẹ tútù tàbí omi: nǹkan bíi kílò 200.
Yanrìn gbígbẹ: nǹkan bíi kílò 320.
Yanrìn tí òjò rọ̀ sí: ó lè tó kílò 400.

Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bá sì kún gègèrè bí ìkòkò ẹ̀kọ, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dírẹ́bà tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kó ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ láìsí wàhálà lè rò pé òun ti mọ agbára lódà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó lọ kó yanrìn etí odò ni yóò mọ̀ pé ìlọ́po mẹ́rin ni òun fẹ́ gbé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alágbẹ̀ kòkó ti ní ohun tí ẹ lè fi mọ ìwọ̀n yìí, òun ni òṣùwọ̀n kòkó yín. Ẹ mú garawa ọ̀dà tó gba lítà 20. Ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo. Ẹ bu ohun tí ẹ fẹ́ kó kún un, ẹ tún un wọ̀n, ẹ yọ ìwọ̀n garawa kúrò. Ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn ni ìwọ̀n bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 200 kan. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tí ó bá ju agbára lódà lọ, ìlàjì bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí dírẹ́bà máa bù. Ìlàjì lẹ́ẹ̀mejì sàn ju odidi lẹ́ẹ̀kan tó ṣẹ́ irin iwájú lọ.

BÍ A ṢE Ń BU, TÍ A SÌ Ń KÓ

Ẹ kọjú sí òkìtì ní tààrà, kí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Ẹ lo jíà kékeré, ẹ sì jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, bí katakata yín bá ní i. Ẹ rọra wọ inú òkìtì. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, ẹ máa yí ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó máa ń sáré láti òkèèrè wá kan òkìtì bí àgbò, irin ni wọ́n ń bàjẹ́. Òkìtì kò gbọ́ ìbínú.

Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti kún tó bí a ṣe fẹ́, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí ẹ tó rìn. Bí ẹ ṣe gbé e sún mọ́ ilẹ̀ tó ni ara katakata ṣe balẹ̀ tó. Ìdí ìtìrélà nìkan ni kí ẹ ti gbé e sókè, kí ẹ dà á, kí ẹ sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó yípo. Ẹni tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kíkún sókè tó sì ń yí ìdarí lẹ́ẹ̀kan náà ń pe ìjàǹbá.

Bí a ṣe gbé ìtìrélà kalẹ̀ ló ń sọ iye dísù tí a ó jó. Ẹ má ṣe gbé e sí ìdojúkọ òkìtì kí dírẹ́bà máa yípo bí ẹni ń jó. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, kí ó dagun díẹ̀, tó fi jẹ́ pé dírẹ́bà á bu, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á yà díẹ̀, á sì ti dé ìdí ìtìrélà. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ le tó sì tẹ́ fún iṣẹ́ yìí.

Lódà kì í ṣe búdósà. Ẹ má ṣe fi igun bọ́kẹ́ẹ̀tì kan hú kùkùté ọ̀pẹ tàbí ti ìrókò. Apá kan ni ẹ ó tẹ̀, nígbà tó bá sì ti tẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní jókòó pẹrẹsẹ mọ́ láé. Tí ẹ bá ń fi í wọ́ ilẹ̀ sẹ́yìn kí ilẹ̀ lè tẹ́, ẹ má ṣe da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ gan-an, nítorí pé ìyẹn ń tẹ irin gígùn tí ọ́ìlì fi ń tì í.

ÒKÈ ILẸ̀ ÌJẸ̀ṢÀ

Ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin ará Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ̀yin tí oko yín wà lẹ́bàá òkè, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀yin ará Òṣogbo náà, ẹ má ṣe sọ pé ilẹ̀ yín tẹ́, nítorí pé etí omi máa ń dagun.

Òfin kan ló wà: ibi tó wúwo ni kó máa kọjú sókè. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kún, tí ẹ sì ń gun òkè, ẹ kọ iwájú sí òkè. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì kíkún, ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ẹ lo jíà kékeré, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì kọjú sí òkè. Ẹni tó bá kọ iwájú sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, gbogbo ìwúwo á rọ́ lọ síwájú, bíréèkì ẹ̀yìn á sì di asán. Ẹ má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá bí ẹni ń gba ìbú ọ̀nà. Ẹ má ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa fà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé ìgbà yẹn ni táyà iwájú lè bá ti ẹ̀yìn dá ọkọ̀ dúró.

Tí katakata bá fẹ́ dà, tí ẹrù sì wà lókè, ẹ tètè sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Ẹ má ṣe fò. Irin tó dúró lẹ́yìn àga dírẹ́bà bí férémù ilẹ̀kùn, ààbò ni, kì í ṣe ibi tí a ń so agbádá kọ́. Lórílẹ̀-èdè Sweden, láti ọdún 1959 ni òfin ti sọ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní i, ikú tí katakata ń fi ìdàdé pa àwọn àgbẹ̀ sì dín kù gidigidi níbẹ̀. Irin yìí àti bẹ́líìtì àga ló jọ ń ṣiṣẹ́. Tí dírẹ́bà kò bá de bẹ́líìtì, katakata lè jù ú síta, irin tó yẹ kó gbà á là ló sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gé irin náà kúrò nítorí pé ó ń kọ́ ẹ̀ka kòkó, ẹ̀mí dírẹ́bà ló gé.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe gbé ènìyàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ká obì, ọsàn tàbí láti gé ẹ̀yìn ọ̀pẹ. Bí ọ́ọ̀sì kan bá bẹ́, ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi já wálẹ̀.

Ẹ má ṣe gba abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lókè kọjá, ẹ má sì ṣe tún un ṣe nígbà tó wà lókè láìjẹ́ pé ẹ fi irin tàbí ìtì igi líle gbé apá rẹ̀ ró. Tí ẹ bá fẹ́ kúrò nídìí katakata, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ pátápátá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọdé ń wò yín.

Ẹ wo òkè dáadáa kí ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Wáyà iná mànàmáná wà lójú ọ̀nà oko púpọ̀.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò lára ọ́ọ̀sì. Agbára tó ń ti ọ́ìlì yẹn pọ̀ débi pé ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lè fín in wọ inú ẹran ara. Páálí tàbí pákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi wá a. Bí ọ́ìlì bá wọ ara ẹnikẹ́ni, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ti ìjẹ ẹ̀fọn lọ, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ló fín wọlé. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la, ẹ má sì ṣe fi àgbo pa á. Ẹni tó bá dúró lè pàdánù ọwọ́ náà.

ÌTỌ́JÚ

Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi gíríìsì sí gbogbo oríkèé lódà. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá iṣẹ́ ni gíríìsì kan lè gbé. Ẹ wo ọ́ìlì tó ń ti lódà nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà nílẹ̀, nítorí pé bí ó bá wà lókè, ọ́ìlì á dà bí ẹni pé ó ti dín. Ẹ wo atẹ́gùn táyà iwájú: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà kò gbọdọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n táyà tó rọ̀ kò lè ru lódà. Ẹ máa wo àwọn nọ́ọ̀tì tó so lódà mọ́ ara katakata, pàápàá nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ́ adìẹ ń jẹ irin. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku àti pòròpórò kúrò lójú rẹ́díétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì má ba à gbóná.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra katakata lè béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ní NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ àgbẹ̀ tó wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1990.

IṢẸ́ TÍ YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀ PADÀ

Nínú gbogbo iṣẹ́ lódà, ìyípo òkìtì ajílẹ̀ ló sunwọ̀n jù fún ẹgbẹ́ kékeré. Ìgbẹ́ adìẹ tútù fúnra rẹ̀ ń jó gbòǹgbò irúgbìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́, pòròpórò àgbàdo àti ìyẹ̀fun pákó, tí ẹ kó o jọ ní òkìtì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, inú rẹ̀ á gbóná. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí irin náà bá gbóná débi tí ẹ kò fi lè dì í mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí ooru bá ń lọ sílẹ̀, lódà ni kó yí i, kí ti òde di ti inú. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di ajílẹ̀ dúdú tí kò rùn mọ́. Yíyí òkìtì báyìí pẹ̀lú ṣọ́bìrì ló máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sílẹ̀. Lódà ti mú àárẹ̀ yẹn kúrò. Ẹrù náà sì fúyẹ́, kò ní da katakata láàmú.

Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan fún katakata yìí nìkan. Kí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó háyà rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, wákàtí, dísù, gíríìsì àti owó tó wọlé. Láti mọ iye dísù, ẹ kún táńkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kún lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ẹ fi kún un ni ó mu. Ẹ gba owó háyà kí katakata tó kúrò nílé. A mọ̀ pé òṣómàáló ni àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n mọ̀ bí a ti í lóṣòó gba gbèsè, ṣùgbọ́n katakata kò lè lóṣòó de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó kọ̀ọ̀kan fún táyà àti ọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ẹrù tó bá wúwo jù, kódà bí alága ló ni yanrìn náà. Kí ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé òfin ẹgbẹ́.

KÓKÓ Ọ̀RỌ̀ TÒNÍ

1. Ẹ má ṣe gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kankan láìsí ẹrù lẹ́yìn.
2. Ẹ wọn ohun tuntun kí ẹ tó kó o.
3. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn.
4. Ibi tó wúwo ni kó kọjú sí òkè.
5. Irin ààbò àti bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ ya ara wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Kí ni ẹ̀yin ń kọ́ sẹ́yìn katakata yín báyìí, kí sì ni ìwọ̀n rẹ̀? Ohun wo ló wúwo jù nínú ohun tí lódà yín ń kó, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n rí? Ta ló láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ewu bá wà? Ẹ mú ìdáhùn yín bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí a bá fi sùúrù mú kì í bàjẹ́.  Bí ẹ ti ń gun katakata lọ sóko láàárọ̀, wọọrọwọ ni ẹ ó máa gùn ún padà wálé ní alẹ́.